Fáìlì Àwọn Alààyè

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mò ń fi nǹkan bò: èmi Rónkẹ́, ìyàwó Nathaniel Fáṣínà, èmi ni mo gbé àpò yẹn fún Ìyá Gift. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo fọwọ́ ara mi gbé e, mo tiẹ̀ tún bá a so ó lẹ́nu kí ìwé má baà máa já bọ́ lójú ọ̀nà. Bí mo bá ní mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ tó pé kọ́. Mo mọ̀ pé ìwé ọ́fíìsì ni. Ọkọ mi sì ti kìlọ̀ fún mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé kí n má fọwọ́ kàn án. Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ náà, mo sì ṣe ohun tí inú bíbí ní kí n ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ Iloro ni, láti ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, àmọ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà lòun nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣe akọ̀wé ní ọsibítù kan tí ìjọ kan dá sílẹ̀ ní Aramoko. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà. Fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Láti orí dókítà àgbà títí dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní fáìlì lọ́dọ̀ rẹ̀: lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, fọ́tò páásípọ́ọ̀tù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páálí, ìwé ẹ̀rí, ẹjọ́ tó rò níwájú ọ̀gá, àìsàn tó ṣe. Ìwé kankan ò lè wọ fáìlì kó má fi báírò pupa kọ nọ́ńbà sí i lórí. Ìwé kìíní, ìwé kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ. Yọ ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ kó o rí i, yóò mọ̀. Bàbá Fáìlì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, inú rẹ̀ a sì máa dùn bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀ ní tèmi. Bàbá Favour ni mò ń pè é, nítorí Favour ni àkọ́bí wa.

Ẹnu ọkọ mi dákẹ́. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kan sí mi létí rí. Bí mo bá bi í pé kí ló dé tí wọ́n lé nọ́ọ̀sì báyìí kúrò, yóò ní ṣé ọbẹ̀ ti jinná. Ó máa ń dùn mí o, mi ò ní purọ́. Èmi náà fẹ́ gbọ́ díẹ̀, kí n rí nǹkan jẹ lẹ́nu bí mo bá dé àárín àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àwọn aláṣẹ ọsibítù náà ṣòfin kan. Wọ́n ní ẹni tó bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tó sì lé ní ọdún méje, kí wọ́n sun fáìlì rẹ̀, kí ìwé àwọn tó ti lọ má baà bọ́ sọ́wọ́ tí kò yẹ. Òfin tó dáa ni. Ẹ̀rọ ìdáná kan wà lẹ́yìn ọsibítù tí wọ́n fi ń jó bàǹdéèjì àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò. Inú rẹ̀ ni kí Nathaniel kó fáìlì igba ó lé mẹ́rìnlá sí, kí òun àti ẹnì kejì sì buwọ́ lùwé nínú rẹ́jísítà pé àwọn fojú ara àwọn rí i tó jóná.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Nínú ulé, bí wọ́n ti ń pe ilé ní Iloro, níbi tí wọ́n bí i sí, wọn kì í fi àwòrán ẹni tó wà láàyè síná. Bí fọ́tò èèyàn bá wà lára nǹkan tí orúkọ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá ju nǹkan bẹ́ẹ̀ síná, ikú onítọ̀hún ló ń wá. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ nìyẹn. Ọkùnrin tó ń gba kómúníọ̀n lóṣooṣù, tó mọ orin ìjọ láìṣí ìwé. Kò sí ìwàásù tó lè yọ ọ̀rọ̀ yẹn lára rẹ̀. Ó ní òun gbé fáìlì àkọ́kọ́ dání, òun ṣí i, obìnrin náà ń wo òun látinú fọ́tò, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kí òun lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni.

Ló bá jókòó, ó ṣà wọ́n. Àwọn tó ti kú jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìyẹn ló sun, lẹ́yìn ilé wa. Àwọn tó ṣẹ́ kù, ó ń rù wọ́n bọ̀ wá sí Iloro díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀kadà títí tí wọ́n fi kún àpò méje, ó sì tò wọ́n sínú yàrá tí a ń kó kòkó sí. Ó wá kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé gbogbo rẹ̀ ti jóná nínú ẹ̀rọ ọsibítù. Ẹni tó bá a buwọ́ lùwé ni gáádì ẹnu géètì, tó ń sáré lọ síbi ìsìnkú àna rẹ̀, tó sì buwọ́ lù ú lórí ìjókòó ọ̀kadà láìsọ̀ kalẹ̀. Gáádì náà ti di olóògbé.

Láti ìgbà yẹn, bí ẹnì kan nínú àwọn tó wà nínú àpò bá kú, ọkọ mi yóò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Yóò dúró títí wọ́n á fi bo sàréè. Bó bá délé, yóò lọ yọ fáìlì olóògbé náà, yóò sun ún lẹ́yìn ilé ìdáná, yóò sì tọ iná náà títí yóò fi kú. Èmi ò mọ nǹkan kan nínú èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ mi ò jókòó nílé lọ́jọ́ Sátidé. Lónìí òkú wà ní Ipoti, lọ́la òkú wà ní Ìjerò. Mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé ṣé ìrẹsì òkú ló dùn mọ́ ọn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo rò pé obìnrin ni. Yóò kàn wò mí, yóò ní, "Ìyá Favour, ó tó."

Nínú oṣù kẹwàá tó kọjá, kòkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti oko wọlé, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ láti Ọjọ́rú pé kó jọ̀ọ́ kó dúró lọ́jọ́ Sátidé kí a jọ sá kòkó. Ó ní òun gbọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó wọ agbádá dúdú, ó ní òkú wà ní Ẹ̀fọ̀n. Ẹ gbà mí. Èmi nìkan ni mo sá kòkó yẹn lábẹ́ oòrùn, ẹ̀yìn ń ro mí, mò ń sọ̀rọ̀ sókè bí wèrè. Nígbà tí mo fẹ́ kó èyí tó ti gbẹ wọlé, àwọn àpò rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n ráàyè. Mo ní èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yìí, tí eku ti ń jẹ létí, màá mú un kúrò níbí lónìí. Ìyá Gift tó ń dín àkàrà ní oríta wa ti ń bẹ̀ mí látọjọ́ pípẹ́ pé kí n bá òun wá ìwé tí òun yóò máa fi pọ́n àkàrà. Mo pè é. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó fún mi ní àkàrà mẹ́wàá lófẹ̀ẹ́. Mo jẹ ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi dé, ó wọ yàrá náà, ó mú fáìlì ẹni tí wọ́n sin ní Ẹ̀fọ̀n nínú àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ẹ̀yìn. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí di Mọ́ńdè.

Mọ́ńdè ni ọ́dítọ̀ dé sí ọsibítù. Ìjọba ti ṣòfin tuntun lórí bí èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀rọ̀ àṣírí oníkálukú, ẹ̀rù sì ba àwọn aláṣẹ, ni wọ́n bá ní kí wọ́n wá yẹ ìwé àwọn wò láti Adó. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Motọ́lání ni wọ́n rán wá, ọmọ tí kò ju Favour mi lọ. Nathaniel ní ó kúnlẹ̀ kí òun, ó pe òun ní Bàbá, ó yin bí òun ṣe ń fi nọ́ńbà sára ìwé. Ó béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ó fi wé rẹ́jísítà àwọn tí wọ́n ti sun, gbogbo rẹ̀ bára mu. Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ni ọmọ náà bá ní òun tún fẹ́ rí ìwé tí wọ́n ń kọ epo dísù tí ẹ̀rọ ìdáná ń mu sí. Ta ló ń rántí ìyẹn? Wọ́n gbé e wá. Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ̀rọ náà bà jẹ́ lóṣù kẹfà ọdún tí wọ́n ní kí wọ́n sun fáìlì, wọn ò sì tún un ṣe títí di oṣù kẹwàá. Oṣù kẹjọ ni rẹ́jísítà ọkọ mi ní ó jó fáìlì igba ó lé mẹ́rìnlá.

Ọmọ náà ò pariwo lé e. Ó kàn fi ìka sí ojú ibi méjèèjì, ó ní kí Bàbá lọ rántí dáadáa, Ọjọ́bọ̀ lòun yóò padà wá gbọ́.

Bó ṣe wọlé lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé nǹkan ti ṣe é. Kò bọ́ bàtà. Ó lọ tààrà sí yàrá kòkó, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ àpò láti ibì kan sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ló pè mí.

"Ìyá Favour, mẹ́fà ni mo kà. Àpò keje dà?"

Mo sọ fún un. Mo fi ìbínú sọ ọ́ pàápàá, mo ní ṣebí ìwé tí eku ń jẹ ni, mo ní Ìyá Gift ti gbé e lọ láti Sátidé. Kò bínú padà. Ó jókòó sórí kòkó tí mo sá, èyí tí òun kì í jẹ́ kí ọmọdé tẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó wà nínú àpò náà. Ó mọ̀ wọ́n lórí, méjìdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó dé orí Miriam, ó dákẹ́.

Ta ni kò mọ Miriam ní Aramoko? Nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù náà tẹ́lẹ̀, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ń ta aṣọ, òun sì ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ CAC wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ra léèsì tí mo wọ̀ nígbà tí Favour gboyè. Mo ní kí ló wà nínú fáìlì Miriam. Ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún mi láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi tọ́jú aláìsàn kan ló gún Miriam lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà tó yá, wọ́n sì bá kòkòrò àrùn éèdì níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ó ń lo oògùn, ara rẹ̀ le koko, ọkọ rẹ̀ mọ̀, ó sì dúró tì í, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ̀, ìjọ ò mọ̀, ọjà ò mọ̀. Ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n nínú fáìlì rẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò náà wà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀.

"Ó wá bá mi lọ́dún tí a ní ká sun wọ́n," ọkọ mi ní. "Ó bi mí ṣé ó ti jóná. Mo ní ó ti jóná."

Mo ní kí a lọ bá Ìyá Gift lójú ẹsẹ̀. A délé rẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ kí ọmọ rẹ̀ kú ewu ọmọ, pé ó di àárọ̀ kó tó dé. Mi ò lè sọ bí a ṣe sùn.

Ní àárọ̀ Túsìdeè, a ti dúró níwájú agbada rẹ̀ kí òróró tó gbóná. Àpò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fẹ́ẹ̀ ku ìdajì. Ó ń fa ìwé ya, ó ń gbé e lé ọwọ́ òsì, àwa sì ń wò ó. Mo ní àṣìṣe ni, kí ó jọ̀ọ́ dá a padà. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní nǹkan tí mo fún òun ni, ṣé mo fẹ́ kí òun máa fọwọ́ pọ́n àkàrà fún oníbàárà ni. Nathaniel kúnlẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta kúnlẹ̀ sójú títì níwájú alákàrà, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọjá. Ẹ̀rù ba Ìyá Gift ju àwa lọ, ó ní kí ó dìde, kí ó kó o, kí ó má ṣépè fún òun. Ó wá ní òun ti fún ẹlẹ́pà kan tó ń nájà Ipoti ní ìdì kan.

A ò jẹun. Àwọn tó ra àkàrà láti Sátidé títí di Mọ́ńdè, à ń wá wọn kiri láti ilé dé ilé. Mò ń parọ́ pé ìwé ilẹ̀ wa ló sọnù. Àwọn kan ti jù ú sínú àdògán, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a fi igi tú ààtàn. Bí mo bá rí nọ́ńbà pupa, màá ké pè é. Ìwé tó ti rin fún òróró, a nù ún, a ká a. Mo rí lẹ́tà tí ọkùnrin kan fi bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n má lé òun nítorí ọtí, mo sì mọ ọkùnrin náà, ó ti di alàgbà. Mo rí ti obìnrin tó sọ oyún nù lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ohun tí mo fi gbogbo ayé mi fẹ́ gbọ́ rèé lọ́wọ́ mi. Inú mi ò dùn sí ọ̀kan níbẹ̀. Ṣe ni mò ń ká a kí n má baà kà á tán.

Ní Ọjọ́rú, a gun ọ̀kadà lọ sí Ipoti. Ẹlẹ́pà náà ti pọ́n ẹ̀pà sínú ìwé tán, ó tò wọ́n sórí ọpọ́n. Ọkọ mi ra gbogbo rẹ̀, pátá. Obìnrin náà rò pé a fẹ́ ṣe àríyá. A gba abẹ́ igi kan lọ, à ń tú ẹ̀pà dà sínú àpò mi, à ń na ìwé. Àwọn èèyàn ń wò wá. Mo gbàdúrà lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, mo ní Olúwa jẹ́ kó jẹ́ ọgbọ̀n ó lé mẹ́ta, jẹ́ kó jẹ́ ọgbọ̀n ó lé mẹ́ta. Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀.

A délé, a tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Nathaniel tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà, láti orúkọ dé orúkọ. Ó mọ iye tó yẹ kó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ gbogbo èyí tí kò sí sílẹ̀. Ti Miriam jẹ́ ogójì ìwé ó lé ọ̀kan. Páálí rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò, ó ṣì kéré, ó di irun kọjúsọ́kọ. Ìwé kejìlélọ́gbọ̀n wà. Ìwé kẹrìnlélọ́gbọ̀n wà, òróró ti bà á jẹ́. Kẹtàlélọ́gbọ̀n ò sí. Ó tún wọn kà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Mo ní kí ó gbọ́ tèmi. Mo ní bóyá ó ti jóná nínú àdògán ẹnì kan, bóyá ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́. Mo ní bí ọ́dítọ̀ bá dé, kí ó ní ẹ̀rọ bà jẹ́ lóòótọ́, ẹ̀yìn ilé lòun ti sun gbogbo rẹ̀. Gáádì tó buwọ́ lù ú ti kú, ta ni yóò já a nírọ́? Kí a sun àpò mẹ́fà tó kù kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Ó ku oṣù mẹ́rin kí ó fẹ̀yìn tì, èmi sì ni mo fà á, mo fẹ́ kí a bọ́.

Ó ká ìwé tó kọ àwọn nọ́ńbà náà sí, ó kó o sápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá a lọ, mo jókòó síta, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ tí Motọ́lání bi í. Ọmọ náà la ọ̀nà fún un fúnra rẹ̀, ó ní, "Bàbá, àbí ibòmíràn lẹ ti sun wọ́n?" Mo di ọwọ́ mi mú. Mo ní nínú ọkàn mi pé kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nathaniel ní rárá. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí fọ́tò àkọ́kọ́ títí dé orí ẹ̀pà Ipoti. Ó pa á mọ́ pé èmi ni mo gbé àpò náà fún alákàrà, ó kàn ní ó kúrò níkàáwọ́ òun. Ó gbé ìwé tó kọ àwọn nọ́ńbà tó sọnù sí lélẹ̀. Ọmọ náà kà á látòkè délẹ̀. Ó wá ní òun gbọ́dọ̀ kọ ọ́, àti pé òfin ní kí wọ́n sọ fún gbogbo ẹni tí ìwé rẹ̀ ti bọ́ síta. Ọsibítù yóò kọ lẹ́tà sí wọn. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má kọ lẹ́tà sí Miriam, nítorí lẹ́tà ní Aramoko, ọwọ́ mẹ́rin ni yóò gbà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹnu òun sọ fún un. Wọ́n gbà. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a lọ sí ṣọ́ọ̀bù Miriam. Ó rí wa lókèèrè, ó ti ń dá wa lápàárá pé ṣé ọmọ mìíràn tún fẹ́ gboyè ni. Ó fún wa ní ìjókòó. Ọkọ mi ò jókòó. Ó dúró sáàárín aṣọ, ó sì sọ ọ́ láìfi nǹkan kan kún un, bó ṣe máa ń ka ìwé fún ọ̀gá rẹ̀. Èmi ni mo sọ ti alákàrà, nítorí mi ò lè jẹ́ kó ru tèmi mọ́ tirẹ̀.

Miriam ń ká aṣọ kan lọ́wọ́ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ó ká a tán, ó tún tú u, ó tún ká a. Nígbà tí a parí, ó gbé aṣọ náà sílẹ̀.

"Ẹ ní ẹ ti sun ún. Kí ló dé tẹ́ ò sun ún, sà?"

"O wà láàyè," ni ọkọ mi ní. "Mi ò lè ju ẹni tó wà láàyè síná."

Ó wò ó títí. Mo rò pé yóò gbá a létí, mo sì fẹ́ kó gbá a, kó gbá èmi náà, bóyá ọkàn mi yóò fúyẹ́ díẹ̀.

"Ta ló ti kà á?" ó ní.

A ò mọ̀. Bí a ṣe sọ fún un nìyẹn. A ní ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò kà á, ó lè jẹ́ pé ó ti jóná. Ó ń mi orí, àmọ́ mo rí i pé kì í ṣe àwa ló ń gbọ́. Ó ń wo ojú títì, ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọjá.

Ibẹ̀ ni tíṣà kan tó ń jẹ́ Fúnkẹ́ ti wọlé, tó fẹ́ ra aṣọ yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó yà sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú ọjà mà, ó sì rẹ́rìn-ín bí oníbàárà ṣe ń rẹ́rìn-ín. Miriam dúró sí ibi tó wà, ó ń wo ẹnu ọmọbìnrin náà.

"Kí lo gbọ́ tó o fi ń rẹ́rìn-ín?"

Ó ya Fúnkẹ́ lẹ́nu. Ó wo èmi, ó wo ọkọ mi, ó tún wo Miriam. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan mà, pé òun kàn ń kí wọn ni. Òótọ́ ló sì ń sọ, ẹnikẹ́ni tó bá wo ojú rẹ̀ yóò mọ̀. Miriam ò gbà á gbọ́.